Ọjọ́ Tí Mọ́tò Kọṣẹ́ Lọ́nà Òfíkì

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nígbà tí mo dé Òkè Ògùn ni pé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ sí mi ni mo gbọ́, títí kan èébú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti Ṣábẹ̀, ìlú wa lódìkejì ààlà, kọjá sí ìlú òyìnbó sọ fún mi pé bí wọ́n bá ń bú àwọn níbẹ̀, àwọn a máa rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Èmi kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Ààlà tó wà láàárín wa, òyìnbó ló fà á. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní gáréèjì Ṣakí, ọkùnrin kan tó ń bó ẹ̀pà jẹ yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Ará Faransé mìíràn tún ti dé."

Iṣẹ́ awakọ̀ ni mo ń ṣe nílé, mo sì rò pé ibi gbogbo ni ọ̀nà ti jẹ́ ọ̀nà. N kò mọ̀ pé gáréèjì náà ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àlejò. Mo pe obìnrin kan sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi mí sí, láìmọ̀ pé kò tíì kàn mí. Awakọ̀ tó kàn kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Ìgbájú ló kọ́kọ́ fi kí mi, nígbà tí mo sì gbójú sókè, ṣípánà tí wọ́n fi ń tú táyà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó là á mọ́ mi léjìká, apá mi kú pátápátá. Mo ṣubú sáàárín epo dúdú tó dà sílẹ̀, ó sì tún fi bàtà gún mi ní ìhà. Àwọn èrò dúró, wọ́n ń wòran. Ẹnìkan ní, "Ó tó o, má pa á." Bí ó ṣe sọ ọ́, o ó rò pé ewúrẹ́ tó jẹ iṣu rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ni ìyá mi pè mí lórí fóònù. "Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa níbẹ̀?" Mo fi ọwọ́ òsì di fóònù mú, nítorí ọ̀tún kò gbéra. Mo ní, "Wọ́n ń ṣe mí dáadáa, Màmá. Bí ilé ni." Ó dúpẹ́ títí. Mo pa fóònù, inú bí mi sí ara mi, ó sì bí mi sí òun náà nítorí pé ó gbà mí gbọ́.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ríran ní tèmi. Mo rí i pé bí mo bá kúnlẹ̀ kí ènìyàn bí àwọn ọkùnrin ṣe ń kí ní Ṣábẹ̀, àwọn ọmọdé a máa sín mi jẹ. Mo rí i pé wọn a máa bi mí léèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè gbọ́ bí n ó ṣe pe ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọ̀rọ̀ kù. Ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá mi ni mo ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ìyẹn sì jẹ mí lọ́kàn ju ṣípánà lọ.

Ìyá Rúkà ló fún mi ní iṣẹ́ gidi. Opó ni, ará Òfíkì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rúkà, wà ní ilé ọkọ ní Ìbàdàn. Alhaji, ọkọ rẹ̀, ti kú, ó sì fi mọ́tò àtijọ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ igi mángòrò nínú àgbàlá. Kò sí ẹni tó lè sọ ọdún tí wọ́n rà á. Adìyẹ ti ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn mẹkáníìkì ti wá wò ó, wọ́n ní kí ó kó o fún àwọn tó ń ra irin. Ó bú wọn, ó sì lé wọn jáde.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀gá mi ní Ṣábẹ̀ máa ń bi oníbàárà kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ṣé mọ́tò náà kò dún rárá ni, àbí ó ń dún ṣùgbọ́n kò mú? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí kò dún rárá, ọ̀dọ̀ bátìrì ni kí o lọ. Èyí tó ń dún tí kò mú, nínú iná àti epo, ọ̀kan ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi bátìrì tí mo yá sí i, ó dún, kò mú. Mo yọ okùn plọ́ọ̀gì kan, mo gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, mo ní kí ìyá yí kọ́kọ́rọ́ kí n wò ó bóyá iná yóò fò. Ó ní òun kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rí. Mo ní kí ó fọwọ́ kàn án lónìí. Iná kò fò. Mo tú kọntáàtì tí iná ń gbà kọjá, ó ti dípẹtà, mo fi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó ha á títí ojú rẹ̀ fi dán. Nígbà tó tún yí i, mọ́tò bú, èéfín dúdú bo àgbàlá, àwọn adìyẹ sì gba ojú fèrèsé jáde. Ìyá Rúkà jókòó sí ìdí kọ́kọ́rọ́, ó ń sunkún, ó ní ohùn Alhaji ni òun gbọ́ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di awakọ̀ rẹ̀, mo sì di ayálégbé rẹ̀. A ń kó iṣu, a ń kó èlùbọ́, a ń kó èrò lọ sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ẹnu gáréèjì Ṣakí kọjá pẹ̀lú ẹrù tó kún dé òkè, mo tẹ fèrè mọ́ ẹni tó là mí ní ṣípánà létí, ó fò sí ẹ̀gbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín dé Òfíkì. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ohun tí mo ní láti fi yangàn nígbà náà kò pọ̀.

Nígbà tó yá ni àwọn agbébọn bẹ̀rẹ̀ sí í jí ènìyàn gbé lọ́nà oko. Ẹni tó jáde láàárọ̀ lè má padà wálé, wọn a sì fi fóònù rẹ̀ pe ilé rẹ̀ láti inú igbó. Àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí koríko. Mọ́tò tí wọn kò bá mọ̀, wọn a dá a dúró. Ojú tí wọn kò bá mọ̀, wọn a wò ó títí. Èmi náà ń bẹ̀rù àwọn agbébọn, ṣùgbọ́n èmi tún ń bẹ̀rù àwọn tó ń bẹ̀rù wọn.

Nínú ọyẹ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Ìyá Rúkà ní Ṣakí. Ojú ọ̀tún ni. Nọ́ọ̀sì lẹ owú àti báńdéèjì mọ́ ọn, ó sì kìlọ̀ fún wa: kò gbọdọ̀ tẹrí ba, omi kò gbọdọ̀ kàn án, eruku kò gbọdọ̀ débẹ̀. Fèrèsé mọ́tò wa kì í tì, eruku ọ̀nà Òfíkì sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń dúró dè wá. Ìyá Rúkà bá tú ìborùn dúdú tó wà léjìká rẹ̀, ó fi di ojú méjèèjì pọ̀, ó so ó lẹ́yìn orí, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi sùn.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ó jí, ó ní kí n dúró kí òun kírun Àìlà. Nítorí ojú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló fi ṣe tayamọ́mù dípò àlùwàlá, ó jókòó kírun láìtẹrí ba, omi inú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ kò dín. Ó padà wọ mọ́tò, ó sùn. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń dún, kò mú. Mo tún yí i. Kò mú. Mo jáde, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru lù mí lójú.

Ọlọ́kadà kan ń bọ̀, ó rọra, ó bojú wo ẹ̀yìn mọ́tò. N kò tíì ráyè kí i tó fi yí alùpùpù rẹ̀ padà, tó sì sáré lọ bí ẹni tí oyin ń lé. Mo rò pé bóyá ó gbàgbé nǹkan sílé. Ohun tó rí ni mọ́tò tó dúró sí ẹ̀bá igbó, àti ìyá arúgbó kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú di lójú, tí kò mira. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n jí ìyàwó ilé kan gbé ní abúlé rẹ̀.

Kò pẹ́, àwọn ará abúlé rẹ̀ yọ láti inú koríko ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ọdẹ, àgbẹ̀, ọ̀dọ́, àwọn obìnrin tó mú ọmọrí odó lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ kan tó ga, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ta lo dì lójú sínú mọ́tò yìí?"

"Ìyá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ni."

Ohùn mi ló dá mi lẹ́bi. Mo rí i lójú wọn bí mo ṣe la ẹnu. "Kì í ṣe ará ibí o," ni obìnrin kan wí. Wọ́n já fóònù mi gbà, fóònù náà sì ń sọ Faransé, bí mo ṣe gbé e wá láti ilé. "Èdè tí wọ́n fi ń pera wọn nínú igbó rèé," ni ọ̀dọ́ náà wí, ó sì fọ́ fóònù náà mọ́ mi lórí.

Ibi tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ tí eyín mi kan ṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n gbá mi lẹ́nu. Wọ́n fi ìdí àdá, wọ́n fi igi, wọ́n fi ọmọrí odó lù mí. Ẹnìkan gun ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn fi òkúta fọ́ ìka mi, ó ní kí n sọ ibi tí àwọn yòókù wà. Mo kígbe pé kò sí àwọn yòókù. Ìka kejì ni ó fi dá mi lóhùn.

Ariwo náà ló jí Ìyá Rúkà. Ó dìde jókòó láìríran, ó ń na ọwọ́. "Kí ló dé? Ọmọ mi dà?" Ọ̀dọ́ ṣẹ́ẹ̀tì pupa nawọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó di ìborùn náà mú, ó fà á tagbáratagbára, báńdéèjì àti owú sì bá a lọ. Ìyá kígbe. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ní, "Ìyá Rúkà Òfíkì mà ni! Ìyàwó Alhaji!"

Mo rò pé ó ti parí. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú náà, ó ń ké pé awakọ̀ òun ni mí, ọmọ òun ni mí, kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ è rí i bó ṣe ń sọ̀rọ̀? Wọ́n ti fi oògùn mú un." Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Wọ́n ti rọ́bà bọ ẹnu táǹkì, wọ́n fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì dà á lé mi lórí. Ó wọ ojú mi, ó wọ gbogbo ojú egbò. Ọ̀dọ́ ṣẹ́ẹ̀tì pupa mú páálí ìṣáná jáde.

Olórí ọdẹ wọn, àgbàlagbà kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ló ní kí ó dúró. Kì í ṣe pé ó káàánú mi. Mọ́tò ló ń wò. "Mo mọ mọ́tò Alhaji," ló wí. "Ó níwà. Ẹni tó bá jẹ́ awakọ̀ rẹ̀ lóòótọ́ yóò mọ ohun tó ń ṣe é. Kí ó ṣe é kó gbéra. Bí kò bá gbéra, a jẹ́ pé olè ni, ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́."

Wọ́n fà mí dìde síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń dún, kò mú: iná ni tàbí epo ni. Ní ọjọ́ mìíràn, n ó yọ okùn plọ́ọ̀gì, n ó gbé e sún mọ́ irin, n ó wò ó bóyá iná fò, ìdààmú a sì tán. Ṣùgbọ́n epo ń kán láti irun mi. Iná kékeré yẹn nìkan ti tó láti ṣe ohun tí ọ̀dọ́ náà fẹ́ fi ìṣáná ṣe. N kò lè dán an wò. Mo ní láti mú ọ̀kan láìdán an wò, bí mo bá sì ṣì í mú, wọ́n á sun mí.

Mo dúró, mo ń ronú. Mọ́tò náà kò kọṣẹ́ ní Ṣakí láàárọ̀ nígbà tí ó tutù. Ó gbé wa dé ibí láìwúkọ́. Ìgbà tí ó gbóná, tí a sì pa á nínú oòrùn, ló kọ̀. Iná kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Epo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ti hó nínú pọ́ńpù, ó di ooru, pọ́ńpù kò sì rí nǹkan kan fà. Ohun tó ń wò ó ni omi tútù. Mo ní kí wọ́n bá mi mú kẹ́tùlù ìyá wá, àti aṣọ kan.

"Oògùn ló fẹ́ ṣe," ni ẹnìkan wí. "Yóò pòórá mọ́ wa lọ́wọ́." Wọ́n fi igi là mí lẹ́yìn, mo dojú bolẹ̀. Ìyá Rúkà ló jáde kúrò nínú mọ́tò fúnra rẹ̀, ọwọ́ kan lójú, ẹ̀jẹ̀ gba àárín ìka rẹ̀. Ó gba ìborùn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà, ó sì gbé e fún mi pẹ̀lú kẹ́tùlù. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ lu ẹnìkan, kó lu èmi." Ẹni tó mú igi sún sẹ́yìn.

Mo fi ìka tó kù di ìborùn náà yí pọ́ńpù ká, mo sì ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ooru rú. Nígbà tí omi tán, mo yíjú láti lọ yí kọ́kọ́rọ́, ìyá sì tì mí sẹ́yìn. "Pẹ̀lú epo tó wà lára rẹ yìí? Kúrò níbẹ̀." Ó táràrà dé ibi ìdarí, ó jókòó, ó fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́. Ó yí i. Ó dún, kò mú. Ọ̀dọ́ náà mú ìṣáná kan sọ́wọ́. Ó tún yí i, mọ́tò wúkọ́, ó kú. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń pe ìyá mi, kì í ṣe pẹ̀lú ohùn àgbà. Ìyá Rúkà yí i nígbà kẹta, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀, kò fi sílẹ̀, mọ́tò sì bú.

Olórí ọdẹ yọ fìlà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n padà sínú koríko. Obìnrin kan gbé ọṣẹ àti omi wá kí n fi fọ epo lára, mo gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bọ́ aṣọ tí epo rin sílẹ̀, mo fi iyẹ̀pẹ̀ nu ara, mo sì wa mọ́tò padà sí Ṣakí pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti wọ ojú náà. Ó fọ́.

Nígbà tí ìyá mi pè, fóònù ẹlòmíràn tí mo fi síìmù mi sí ni mo fi gbé e, ètè mi wú. "Kí ló ṣe ẹnu rẹ?" ló bi mí. Lọ́jọ́ yẹn n kò purọ́ mọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kó ẹrù rẹ máa bọ̀." Mo kó o. Kí ni mo ń dúró ṣe láàárín àwọn tó fẹ́ sun mí, tí mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é?

Àárọ̀ tí mo fẹ́ lọ ni àwọn ará abúlé náà wá bẹ̀bẹ̀. Baálẹ̀ wọn ló ṣíwájú, olórí ọdẹ tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́ ṣẹ́ẹ̀tì pupa sì wà lẹ́yìn, aṣọ funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Rúkà. Wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n ní ojú rẹ̀ ni ojú ìyá tó bí àwọn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi. Kò sí ẹni tó kọjú sí mi.

Ìyá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ojú mi lẹ bẹ̀, mo gbọ́. Ọkùnrin tí ẹ fẹ́ dáná sun ńkọ́?"

Baálẹ̀ gbójú sókè láti ilẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni ibi, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú. "Ìyá, ọ̀dọ̀ ta ni à bá gbà? A kì í lọ bẹ ènìyàn láìgba ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀. Àwọn ẹbí tirẹ̀ wà ní ilẹ̀ Faransé."

Ìyá Rúkà dìde lórí àga tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ tọ ògiri, nítorí ojú kan ṣoṣo kò tíì mọ́ ọn lára, ó sì rìn wá sí ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ẹbí rẹ̀ rèé," ló wí. "Ẹ yí síbí, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n yí. Wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, sí mi, pẹ̀lú baálẹ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ìyá wo ojú mi. "Kí lo wí?"

Mo wo ọ̀dọ́ náà nílẹ̀, mo wo ọwọ́ tó fi di ìṣáná mú lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà ni mo fi la ẹnu. Mo ní, "N kò gbà."

Mo rò pé ìyá yóò ní kí n mú sùúrù, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ wa ní òun kò tíì gbà. Ẹ máa lọ, kí ẹ padà wá lọ́la."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku aṣọ wọn. Baálẹ̀ ní àwọn gbọ́, ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ń bọ̀ lọ́la. Mo gbé báàgì mi padà wọlé, nítorí ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé.